Hans Wilsdorf: Ọmọ Òrukàn Tí Ó Dá Aago Rolex Sílẹ̀

Orúkọ Rolex kò ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹni tí kò tilẹ̀ fi ojú kan ọ̀kan rí ti gbọ́ pé aago olówó iyebíye ni. Àwọn olóṣèlú, àwọn eléré ìdárayá àti àwọn oníṣòwò ńlá a máa dè é mọ́ ọwọ́. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn tí ó fẹ́ràn aago gan-an, tí wọ́n ń kó o jọ, tí wọ́n sì mọ inú rẹ̀ dunjú, orúkọ náà kì í fi gbogbo ìgbà dùn létí.

Ẹ̀sùn mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń kà sí i lọ́rùn. Èkíní ni pé tìtorí àṣehàn ni àwọn ènìyàn ṣe ń ra Rolex, kì í ṣe tìtorí àti mọ àkókò. Èkejì ni pé ilé-iṣẹ́ náà gba ògo iṣẹ́ tí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe ṣáájú rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni pé ariwo ìpolówó ọjà rẹ̀ pọ̀ ju iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí òtítọ́ ti pọ̀ tó nínú ẹ̀sùn wọ̀nyí, kí ó wo ìgbésí ayé ẹni tí ó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀. Hans Wilsdorf ni orúkọ rẹ̀. Ó ti kú láti ọdún 1960, ṣùgbọ́n ohun rere àti ohun tí a ń bá Rolex wí fún lónìí, ọwọ́ rẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ti bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà èwe rẹ̀

Ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1881 ni a bí Hans Wilsdorf ní Kulmbach, ìlú kan ní apá gúúsù ilẹ̀ Jámánì. Àwọn òbí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun èlò onírin. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí, Hans sì ni ọmọ kejì. Ìyá kọ́kọ́ kú, bàbá náà sì tẹ̀ lé e. Nígbà tí Hans fi pé ọmọ ọdún méjìlá, àwọn ọmọ náà ti di ọmọ òrukàn.

Àwọn arákùnrin òbí wọn ni wọ́n gba ìtọ́jú wọn. Wọ́n ta ṣọ́ọ̀bù náà, wọ́n sì fi owó rẹ̀ pamọ́ fún àwọn ọmọ. Wọ́n rán Hans lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ìlú Coburg, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé tọ̀sán-tòru. Ayé kò rọrùn fún un níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fi orí sí ẹ̀kọ́. Ó mọ ìṣirò dáadáa, ó sì fẹ́ràn èdè àjèjì, pàápàá èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìṣirò àti èdè wọ̀nyí ni ó padà wá di oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ó dàgbà, ó mọ̀ pé kíkọ́ láti dá dúró ní kékeré ni ó ràn òun lọ́wọ́ jù lọ. Bí òwò ilé bá wà ní ọwọ́ bàbá rẹ̀, bóyá ṣọ́ọ̀bù onírin ní Kulmbach ni ìbá jókòó tì títí ayé rẹ̀.

Bí ó ti pàdé aago

Lẹ́yìn ilé-ìwé, Hans lọ sí ìlú Genève ní ilẹ̀ Súwíìsì. Ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ oníṣòwò kan tí ń ta péálì, òkúta funfun dídán tí a ń rí nínú ìkarahun ẹran omi. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ bí a ti ń ra ọjà ní ibi púpọ̀, tí a ń ṣa á, tí a sì ń tà á fún àwọn ará ilẹ̀ òkèèrè.

Ní ọdún 1900, ó lọ sí La Chaux-de-Fonds. Ìlú àwọn oníṣẹ́ aago ni ìlú yìí. Nílé lóko, aago ni wọ́n ń ṣe. Ilé-iṣẹ́ Cuno Korten, tí ń kó aago ránṣẹ́ sí òkèèrè, gbà á sí iṣẹ́. Ọgọ́rin fáráǹ ilẹ̀ Súwíìsì ni owó oṣù rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa kọ lẹ́tà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì sí àwọn oníbàárà.

Ó tún ní iṣẹ́ mìíràn. Lójoojúmọ́, ó níláti fi ọwọ́ yí ọgọ́rọ̀ọ̀rún aago àpò kí wọ́n lè máa ṣiṣẹ́, kí ó sì wò ó bóyá wọ́n ń sọ àkókò tí ó péye. Iṣẹ́ tí ń sú ènìyàn ni. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ó ti rí i pé aago méjì lè jọra lójú, tí wọ́n lè jọ jẹ́ wúrà, kí ọ̀kan máa sáré, kí èkejì sì máa falẹ̀.

Ohun kan gbọ́dọ̀ yé ènìyàn nípa rẹ̀. Hans Wilsdorf kò kọ́ iṣẹ́ aago ṣíṣe. Kò jókòó ti tábìlì oníṣẹ́ aago rí láti to ẹ̀rọ kéékèèké pọ̀. Oníṣòwò ni. Ohun tí ó mọ̀ ni ohun tí oníbàárà ń fẹ́, àti bí a ti lè mọ aago gidi yàtọ̀ sí aago lásán.

Lọ́ńdọ̀nù, ọdún 1905

Ní ọdún 1903, ó kó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, olú-ìlú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1905, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, òun àti àna rẹ̀, Alfred Davis, dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀. Wilsdorf & Davis ni wọ́n pè é. Hatton Garden ni ọ́fíìsì wọn wà, ní àdúgbò àwọn tí ń ta wúrà àti òkúta iyebíye.

Bí wọ́n ti ń ṣe òwò náà kò ṣòro láti yé. Wọ́n ń ra ẹ̀rọ inú aago láti ìlú Bienne ní ilẹ̀ Súwíìsì, lọ́dọ̀ ẹbí kan tí ń jẹ́ Aegler. Wọ́n ń fi ẹ̀rọ náà sínú ilé aago tí ó dára. Lẹ́yìn náà, wọ́n ń tà á fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù, àwọn oníṣọ́ọ̀bù a sì kọ orúkọ tiwọn sí ojú aago.

Ní àkókò náà, aago àpò ni àwọn ọkùnrin ń lò. Wọ́n á fi ẹ̀wọ̀n so ó mọ́ aṣọ. Àwọn obìnrin ni ń de aago mọ́ ọwọ́, bí ẹni tí ó wọ ẹ̀gbà. Àwọn oníṣẹ́ aago gbà pé aago ọwọ́ kò lè péye láéláé. Ó kéré jù, ọwọ́ kì í dúró sójú kan, omi àti eruku sì máa ń tètè wọ inú rẹ̀.

Wilsdorf kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ti rí àwọn ọmọ ogun tí ń de aago mọ́ ọwọ́ nítorí pé ẹni tí ó di ìbọn mú kò lè máa tọwọ́ bọ àpò. Ó rò pé ọjọ́ ń bọ̀ tí gbogbo ènìyàn yóò fẹ́ aago ọwọ́. Ó fi owó ńlá pàṣẹ àwọn ẹ̀rọ kéékèèké lọ́dọ̀ Aegler. Bí èrò rẹ̀ bá jẹ́ àṣìṣe, gbèsè ni ìbá kù sí i lọ́rùn.

Orúkọ tí ó kúrú

Ní ọdún 1908, ó forúkọ Rolex sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Orúkọ náà kò ní ìtumọ̀ ní èdè kankan. Ohun tí ó ń wá ni ọ̀rọ̀ tí kò gùn, tí ẹnikẹ́ni lè pè ní èdè yòówù kí ó máa sọ, tí ó sì lè gba ojú aago tí kò tóbi. Ó sọ lẹ́yìn náà pé orí ọkọ̀ èrò kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni òun wà tí ọ̀rọ̀ náà fi sọ sí òun lọ́kàn.

Àwọn oníṣọ́ọ̀bù kò fẹ́ orúkọ yìí rárá. Orúkọ tiwọn ni wọ́n fẹ́ kí oníbàárà máa rí. Wilsdorf kò bá wọn jà. Aago mẹ́fà ni wọ́n máa ń kó sínú páálí kan. Ó kọ Rolex sí ojú ọ̀kan nínú mẹ́fà. Nígbà tí ojú wọn mọ́ ọn, ó kọ ọ́ sí méjì, lẹ́yìn náà sí mẹ́ta. Ó tó ọdún púpọ̀ kí ó tó wà lójú gbogbo wọn.

Èyí ni ìbẹ̀rẹ̀ òkìkí tí àwọn kan ń bínú sí lónìí. Ṣùgbọ́n ó ní apá kejì. Ẹni tí ó bá kọ orúkọ ara rẹ̀ sí ojú ọjà kò lè sá mọ́ bí ọjà náà bá bàjẹ́. Tẹ́lẹ̀, bí aago bá kú, oníṣọ́ọ̀bù ni à ń dá lẹ́bi. Láti ìgbà náà lọ, Rolex ni yóò gba ẹ̀bi.

Ìdánwò ọjọ́ márùndínláàádọ́ta

Wilsdorf mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó. Ó ń wá ẹni tí kò ní ìpín nínú òwò náà tí yóò jẹ́rìí sí i. Ní ọdún 1910, ó fi aago ọwọ́ kan ránṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ti ń dán aago wò ní Bienne. Ó yege. Aago ọwọ́ àkọ́kọ́ ni èyí tí yóò gba ìwé ẹ̀rí kúrónómẹ́tà ní ilẹ̀ Súwíìsì. Kúrónómẹ́tà ni a ń pe aago tí a ti dán wò, tí a sì rí i pé kò ṣìnà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó lọ sí ibi tí ó le jù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Kew ni wọ́n ti ń dán aago tí àwọn ọkọ̀ ojú omi ń lò wò. Aago inú ọkọ̀ ojú omi máa ń tóbi, nítorí pé àkókò ni atukọ̀ fi ń mọ ibi tí ó wà lórí agbami. Bí aago bá ṣìnà, ọkọ̀ lè kọlu àpáta. Wilsdorf gbé aago ọwọ́ kékeré kan lọ fún wọn.

Ọjọ́ 45 ni wọ́n fi dán an wò. Wọ́n gbé e kalẹ̀ ní ọ̀nà márùn-ún: wọ́n dá a dúró, wọ́n fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀, wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n fi sínú òtútù bíi ti yìnyín, wọ́n sì fi sínú ooru. Ní ọjọ́ 15 oṣù keje ọdún 1914, wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀rí onípò kìíní. Kò sí aago ọwọ́ kankan tí ó gba irú rẹ̀ ṣáájú ìgbà náà.

Ẹ̀rí yìí ṣe pàtàkì nínú ẹjọ́ Rolex. Ibi ìdánwò Kew kì í ta aago, kì í sì í polówó ọjà. Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n kọ sílẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn Aegler ni ó yege, ṣùgbọ́n Wilsdorf ni ó gbàgbọ́ pé ó lè yege.

Ogun, owó ibodè àti ìṣípòpadà

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn ìwé ẹ̀rí náà tí ogun ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Yúróòpù. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń bá ilẹ̀ Jámánì jà, ọmọ Jámánì sì ni Wilsdorf. Ìyàwó rẹ̀, May, tí ó fẹ́ ní ọdún 1911, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Síbẹ̀, inú àwọn ènìyàn kò dùn sí orúkọ tí ó bá jọ ti Jámánì. Ní ọdún 1915, wọ́n pa orúkọ ilé-iṣẹ́ náà dà, ó di Rolex.

Ní ọdún kan náà, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé owó ibodè lé aago tí ń wọlé láti òkèèrè. Owó náà jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta iye ọjà. Aago tí ó wọlé ní ọgọ́rùn-ún, owó ibodè nìkan ti lé ní ọgbọ̀n lórí rẹ̀. Òwò kò lè dúró bẹ́ẹ̀. Wilsdorf bẹ̀rẹ̀ sí kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Súwíìsì. Ní ọdún 1919, ó fi Lọ́ńdọ̀nù sílẹ̀. Ní ọdún 1920, a forúkọ ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní Genève, níbi tí ó wà títí di òní.

Ogun náà ba nǹkan jẹ́ fún Wilsdorf, ó sì tún un ṣe. Nínú kòtò ogun, àwọn ọmọ ogun rí i pé aago ọwọ́ wúlò ju aago àpò lọ. Nígbà tí wọ́n padà sílé, kò sí ẹni tí ó tún lè sọ pé ohun ọ̀ṣọ́ obìnrin ni.

Aago tí ó wọ inú òkun

Omi àti eruku ni ọ̀tá tí ó kù. Ní ọdún 1926, Rolex gbé aago kan jáde tí a ń pè ní Oyster. Orúkọ ẹran omi kan ni, èyí tí ń gbé inú ìkarahun méjì tí ó máa ń pa dé pinpin. Ẹ̀yìn aago náà àti etí dígí rẹ̀ ni a ń lọ́ mọ́ ara ilé aago bí ìgbà tí a bá lọ́ ọmọrí ìgò. Kókó kékeré tí a fi ń yí aago pẹ̀lú, a máa ń lọ́ ọ pa.

Ibí yìí ni ẹ̀sùn kejì ti rí ẹsẹ̀ dúró. Kì í ṣe Rolex ni ó kọ́kọ́ ronú kan ilé aago tí a ń lọ́ pa. François Borgel ti ṣe irú rẹ̀ ní Genève ṣáájú ọdún 1900. Kókó tí a ń lọ́ pa náà, Paul Perregaux àti Georges Perret ni wọ́n ronú rẹ̀. Wilsdorf ra ẹ̀tọ́ wọn lórí rẹ̀. Kò jí i. Ó san owó rẹ̀, ó sì ṣe é títí ó fi dára tó láti tà fún gbogbo ayé.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbàgbọ́ pé aago lè wọ inú omi kí ó má bàjẹ́? Ní oṣù kẹwàá ọdún 1927, ọ̀dọ́bìnrin kan tí ń jẹ́ Mercedes Gleitze, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìwé títẹ̀ ní ọ́fíìsì ní Lọ́ńdọ̀nù, lúwẹ̀ẹ́ láti ilẹ̀ Faransé dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ṣe é. Kò pẹ́ tí obìnrin mìíràn fi ní òun náà ti ṣe é, àṣírí sì tú pé irọ́ ni. Ni àwọn ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí ṣiyèméjì nípa Gleitze pàápàá. Ó pinnu láti tún padà sínú omi.

Wilsdorf gbọ́. Ó fi aago Oyster kan ránṣẹ́ sí i. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá, Gleitze so aago náà mọ́ ọrùn, ó sì bọ́ sínú òkun. Òtútù omi náà burú ju ti ìgbà àkọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn wákàtí tí ó lé ní mẹ́wàá, wọ́n fà á jáde, kò sì dé èbúté. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó wà níbẹ̀ rí ìgboyà rẹ̀, wọ́n sì gbà pé òtítọ́ ni ó sọ nípa ti àkọ́kọ́. Aago ọrùn rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, kò sí omi nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá, Wilsdorf sanwó gba odindi ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú ìwé ìròyìn Daily Mail, ó sì polówó aago náà. Ó tún ní kí àwọn oníṣọ́ọ̀bù gbé aago sínú omi pẹ̀lú ẹja nínú àpótí dígí, kí àwọn tí ń kọjá lè fi ojú ara wọn rí i. Àwọn tí ń bá Rolex wí a máa rán ni létí pé Gleitze kò parí ìlúwẹ̀ẹ́ tí ó so aago náà mọ́ ọrùn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n aago ní tirẹ̀ lo wákàtí mẹ́wàá nínú òkun láìbàjẹ́.

Aago tí ń yí ara rẹ̀

Ní ọdún 1931, Rolex gbé aago mìíràn jáde, èyí tí ẹni tí ó ni ín kò níláti máa fi ọwọ́ yí. Irin kan wà nínú rẹ̀ tí ń yí po bí ọwọ́ ẹni tí ó wọ̀ ọ́ ti ń rìn síwá sẹ́yìn. Ìyípo irin náà ni ń fún aago ní agbára. Emil Borer, tí ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn Aegler, ni ó ṣe é.

Ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe aago ọwọ́ àkọ́kọ́ tí ń yí ara rẹ̀. John Harwood, oníṣẹ́ aago ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣe tirẹ̀ ṣáájú, ó sì ti gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Irin inú aago ti Harwood kì í yí po tán. Yóò lọ síhìn-ín, yóò kọlu ìdènà, yóò sì padà. Ti Borer ń yí po láìdúró, ó sì gbéṣẹ́ jù ú lọ. Òwò Harwood wó lulẹ̀ nígbà tí ọrọ̀ ajé ayé dẹnu kọlẹ̀. Ti Rolex dúró.

Lẹ́yìn náà, ìpolówó ọjà Rolex sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òun ni ó kọ́kọ́ ṣe irú aago bẹ́ẹ̀. Èyí kò tọ́. Ní ọdún 1956, nígbà tí Wilsdorf ṣì wà láàyè, ilé-iṣẹ́ náà tọrọ àforíjì, ó sì jẹ́wọ́ ní gbangba pé Harwood ni ó ṣíwájú. Nínú gbogbo ẹ̀sùn tí a fi kan Rolex, èyí ni ó lágbára jù.

Ogun kejì àti ikú May

Nígbà ogun àgbáyé kejì, àwọn ará Jámánì mú ọ̀pọ̀ ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́rú, wọ́n sì gba aago ọwọ́ wọn. Wilsdorf jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé wọ́n lè kọ lẹ́tà sí Genève láti inú àgọ́ ẹ̀wọ̀n, kí a sì fi aago ránṣẹ́ sí wọn. Kò gba owó lọ́wọ́ wọn. Ó ní kí wọ́n san án lẹ́yìn ogun. Ẹni tí ó wà ní ẹ̀wọ̀n tí a sọ fún pé yóò sanwó lẹ́yìn ogun, a ti sọ fún un pé yóò yè, àti pé ogun yóò parí. Òwò ni, kò sí iyèméjì, ṣùgbọ́n ìtùnú wà nínú rẹ̀.

Ní ọdún 1944, May kú. Wọn kò bí ọmọ. Ní ọdún 1945, Wilsdorf dá àjọ kan tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Àjọ yìí ni yóò jogún ilé-iṣẹ́ náà bí òun bá kú, tí yóò sì máa fi nínú èrè rẹ̀ ṣe ìrànlọ́wọ́.

Ní ọdún kan náà, aago Datejust jáde, èyí tí ń fi ọjọ́ oṣù hàn lójú fèrèsé kékeré. Ní ọdún 1946, ó dá ilé-iṣẹ́ Tudor sílẹ̀. Ó mọ̀ pé owó Rolex ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Tudor yóò jẹ́ aago tí ó ṣeé fọkàn tán, tí iye rẹ̀ kò sì ní ga tó ti Rolex.

Síbẹ̀, ó tún mọ bí a ti ń fa ojú àwọn ẹni ńlá mọ́ra. Nígbà tí kúrónómẹ́tà Rolex pé 50.000, ó fi èyí tí ó pé iye náà ta Ọ̀gágun Guisan ti ilẹ̀ Súwíìsì lọ́rẹ. Nígbà tí ó pé 100.000, Winston Churchill ni ó fún. Láti ìgbà náà ni Rolex ti ń di aago àwọn aláṣẹ, tí àwọn tí kì í ṣe aláṣẹ sì ń dè é kí wọ́n lè jọ aláṣẹ. Ẹ̀sùn kìíní ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Òkè gíga àti ìsàlẹ̀ òkun

Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1953, Edmund Hillary àti Tenzing Norgay gun orí Everest, òkè tí ó ga jù lọ láyé. Rolex fún àwọn agunkè náà ní aago, ó sì polówó rẹ̀ gidigidi. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ Smiths ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú fún wọn ní tirẹ̀, Hillary fúnra rẹ̀ sì jẹ́rìí pé ti Smiths ni òun gbé dé orí òkè. Títí di òní ni àwọn olólùfẹ́ aago ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Láàárín ọdún díẹ̀, Rolex ṣe Submariner fún àwọn tí ń rì sínú omi, ó sì ṣe GMT-Master fún àwọn awakọ̀ òfuurufú, kí wọ́n lè mọ aago ìlú méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Aago iṣẹ́ ni wọ́n. Irin lásán ni a fi ṣe púpọ̀ nínú wọn. Àwọn tí ó kọ́kọ́ lò wọ́n kò rà wọ́n fún àríyá.

Hans Wilsdorf kú ní Genève ní ọjọ́ 6 oṣù keje ọdún 1960, ní ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Àjọ tí ó dá sílẹ̀ ni ó jogún Rolex. Títí di òní, kò sí ẹbí kan tàbí olówó kan tí ó ni ín. Nínú èrè rẹ̀ ni àjọ náà ti ń ran àwọn aláìní àti ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ní Genève. Afárá kan wà ní ìlú náà tí ń jẹ́ orúkọ Hans Wilsdorf.

Ìdájọ́

Ẹ̀sùn mẹ́ta náà ńkọ́? Ní ti àṣehàn, òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ń ra Rolex láti fi ṣe yàngàn. Wilsdorf fúnra rẹ̀ ti ilẹ̀kùn náà sílẹ̀ díẹ̀ nígbà tí ó ń fi aago ta àwọn ẹni ńlá lọ́rẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi ẹni tí ó wọ aṣọ kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tí ó hun ún. Aago tí a dè láti ṣe fọ́rífọ́rí àti aago tí omùwẹ̀ dè lọ sí ìsàlẹ̀ òkun, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ní ti ògo iṣẹ́ ẹlòmíràn, ẹjọ́ Rolex kò mọ́ tán. Borgel, Perregaux, Perret, Harwood àti àwọn Aegler, àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ṣe púpọ̀ nínú ohun tí Rolex fi lókìkí. Ọdún 2004 ni Rolex tó ra ilé-iṣẹ́ Aegler ní Bienne. Ẹni tí ó bá dárúkọ Wilsdorf tí kò dárúkọ wọn kò ṣe òdodo. Ṣùgbọ́n àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ẹni tí ó rí ọgbọ́n tí ó tú káàkiri, tí ó san owó rẹ̀, tí ó sì so ó pọ̀ di ohun kan tí kò ṣákìí, òun náà ti ṣiṣẹ́.

Ní ti ariwo ọjà, Wilsdorf pariwo ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, nígbà mìíràn ó sì pariwo kọjá òtítọ́. Ṣùgbọ́n kí ó tó pariwo, ó ti gbé aago náà lọ sí Kew fún ọjọ́ 45. Ó ti gbé e sínú òtútù, sínú ooru àti sínú òkun. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ń kígbe ní ọjà ni ó lè gbà kí a dán ọjà òun wò bẹ́ẹ̀.

Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Ọmọ òrukàn láti Kulmbach kò jogún orúkọ kankan tí ayé mọ̀, nítorí náà ó ṣe ọ̀kan fúnra rẹ̀. Orúkọ náà kò funfun látòkèdélẹ̀. Síbẹ̀, aago tí ń jẹ́ ẹ ń sọ àkókò bí ó ti yẹ, ohun tí a sì ṣe aago fún nìyẹn.